Bí a ṣe ń de fáànù oníná mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Bọ́ọ̀sì lè kó èrò láti Ìlọrin, kó sáré títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí abẹ́rẹ́ géèjì ooru má sì kúrò lójú kan. Ìgbà tó bá dé Tákìé, tí ọkọ̀ iwájú kò sún, tí òòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ń ta, ni abẹ́rẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Fáànù tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló fà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fáànù náà kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àsìkò tí ọkọ̀ dúró, tí atẹ́gùn ojú ọ̀nà kò fẹ́ sí rédíétọ̀ mọ́, gan-an ni a nílò rẹ̀ jù. Fáànù oníná kò bá eré ẹ́ńjìnnì rìn. Iná ló ń yí i. Ọkọ̀ ì báà dúró, ì báà rìn, bákan náà ló ń fẹ́.

Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á ra fáànù tòkunbọ̀, wọ́n á fi wáyà tín-ínrín dè é mọ́ ojú rédíétọ̀, wọ́n á sì fún un ní dáyírẹ́ẹ̀tì láti ibi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Tó bá yá, ibi kọ́kọ́rọ́ á jó, tàbí rédíétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọ́n á ní fáànù oníná kò dáa. Fáànù kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe dè é àti bí wọ́n ṣe fún un níná ló bàjẹ́, ibi méjèèjì yìí la ó sì ti pẹ́ jù.

Kí ẹ tó ra fáànù

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ọkọ̀ yín ń gbóná. Bó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan, tí ooru sì ń rọlẹ̀ ní kété tí ọkọ̀ bá sáré díẹ̀, fáànù ni. Bó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, ẹ má ná owó yín sórí fáànù, torí atẹ́gùn tó ń wọlé nígbà tí ọkọ̀ ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí pọ̀ ju èyí tí fáànù lè fà lọ. Rédíétọ̀ tó ti dí nínú, pọ́ǹpù omi tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó ti jó ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá tan ọkọ̀ nígbà tó tutù, tí ìdérí rédíétọ̀ wà ní ṣíṣí, tí omi sì ń ru pùtùpùtù láìdáwọ́ dúró, atẹ́gùn láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba gásíkẹ́ẹ̀tì yọ.

Ìdérí rédíétọ̀ náà ń kó? Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti sán. Nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, 0.9 tàbí 1.1, ni agbára tó fi ń di omi mú kó má tètè hó. Ìdérí tó ti kú á jẹ́ kí omi hó ṣáájú àsìkò, fáànù mẹ́ta pàápàá kò sì lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni tẹmọ́sítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi lọ sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ó ti di àṣà kí wọ́n yọ ọ́ dànù bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná. A kò fara mọ́ ọn rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota, tẹmọ́sítáàtì ní ìdérí kejì tó ń dí ojú ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ bá yọ ọ́, àbùjá yẹn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, apá kan omi kò ní í dé rédíétọ̀ mọ́. Lórí eré ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì á tutù jù, á sì máa jẹ epo. Swíìṣì ooru tí a fẹ́ fi pe fáànù kò lè mọ ibi tó wà bí tẹmọ́sítáàtì kò bá sí. Ẹ dá a padà. Ìwọ̀n ooru tó ń ṣí wà lára rẹ̀, 82°C ló sì wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ Toyota.

Yíyan fáànù

Ẹ wọn ojú rédíétọ̀, ibi tí àwọn ìpẹ́ rẹ̀ wà nìkan, ẹ má ka ike ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Bó bá fẹ̀ tó 70 sẹ̀ǹtímítà, tó sì ga tó 40, fáànù 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 12 á tò síbẹ̀. Méjì sàn ju ńlá kan lọ, nítorí bí ọ̀kan bá kú lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, èkejì á gbé yín délé. Èyí tó ti ara Camry tàbí Sienna wá, tí wọ́n yọ pẹ̀lú ike tó yí i ká, ló rọrùn jù láti lò. Ike yẹn là ń pè ní ilé fáànù nínú ìwé yìí. Bí wọ́n bá ti gé ike náà sọ nù ní Gate n'Ìbàdàn kí wọ́n tó tà á fún yín, ẹ ní láti ṣe òmíràn.

Ẹ má gbé fáànù kúrò ní ìsọ̀ láì fi bátìrì dán an wò. Ẹ fi ọwọ́ mi ọ̀pá àárín rẹ̀: bó bá ń mì lọ mì bọ̀, búúṣì ti jẹ. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì fi mítà ka iye áḿpíà tó ń jẹ lẹ́yìn tó ti yí dáadáa. Kékeré oní-íǹṣì 12 sábà máa ń jẹ áḿpíà 8 sí 15. Ńlá oní-íǹṣì 16 lè jẹ 20 sí 30. Bí méjì tó jọra bá wà níwájú yín, tí ọ̀kan ń jẹ 11, tí èkejì ń jẹ 17, ẹ fi èkejì sílẹ̀, nǹkan ti ń há a. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, torí òun la ó fi yan fíúsì, ríléè àti wáyà.

Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń jáde sí. Ẹ̀yìn rédíétọ̀, níhà ẹ́ńjìnnì, la ó gbé e sí, kó máa fa afẹ́fẹ́ láti iwájú ọkọ̀ wá. Tí ẹ bá pa wáyà méjèèjì dà, ọ̀pọ̀ á yí sódì, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ fún ìhà kan ṣoṣo, kò ní í fẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Ilé fáànù àti ìdè rẹ̀

Ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná ti bó ojú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Fáànù àtijọ́ sábà ní bóòtù 4 tí sípánà 10 ń tú. Ẹ ṣọ́ra níbí: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bóòtù yìí kan náà ló di púlì pọ́ǹpù omi mú. Bí ẹ bá yọ fáànù, tí ẹ dá bóòtù gígùn yẹn padà, kò ní í fún púlì pa, ẹnu rẹ̀ sì lè máa kan ara pọ́ǹpù. Ẹ wá bóòtù tó kúrú tó bí fáànù náà ṣe nípọn, kí ẹ fi wáṣà sí i. Bẹ́líìtì ṣì wà o, òun ló ń yí pọ́ǹpù omi. Ẹ fà á le tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò kò fi ní í tẹ̀ ẹ́ wọlé ju mìlímítà 10 sí 12 lọ.

Ìsinsìnyí ni kí ẹ wọn àyè tó ṣẹ́ kù láàárín rédíétọ̀ àti púlì. Ẹ̀yìn mọ́tò fáànù gbọ́dọ̀ jìnnà sí púlì tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ó kéré tán, nítorí ẹ́ńjìnnì máa ń fì síwájú bí ẹ bá tẹ búrékì. Bí ìjókòó ẹ́ńjìnnì yín bá ti rọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́.

Bí ẹ ó bá fúnra yín ṣe ilé fáànù, páànù àlùmíníọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 1.5 dára. Ẹ jẹ́ kí páńẹ́lì bítà tẹ̀ ẹ́ bí àpótí tí kò ní ìdérí, kó bo ojú rédíétọ̀ tán, kó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Jíjìn yẹn ló ń jẹ́ kí fáànù fa afẹ́fẹ́ láti gbogbo igun. Fáànù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀ pẹ́kípẹ́kí kò tu ju ibi tó dojú kọ lọ. Ẹ gé ihò tó fi mìlímítà 12 fẹ̀ ju abẹ̀bẹ̀ lọ, kí àyè mìlímítà 6 wà yí ká. Ẹ fi fóòmù tàbí rọ́bà dí etí àpótí níbi tó ti kan rédíétọ̀, torí ibi tó bá là ni afẹ́fẹ́ á gbà wọlé, kò ní í wulẹ̀ gba ara rédíétọ̀ kọjá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: lórí eré, àpótí yìí á máa dí atẹ́gùn tó yẹ kó kọjá. Ẹ gé ihò 3 tàbí 4 sí àwọn igun rẹ̀, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi rọ́bà túùbù táyà bò wọ́n láti ìhà ẹ́ńjìnnì, kí ẹ kan etí òkè rọ́bà náà nìkan mọ́lẹ̀. Bí fáànù bá ń fà, rọ́bà á pa dé. Bí ọkọ̀ bá ń sá, atẹ́gùn á tì í ṣí fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ń ki okùn ike gba àárín ìpẹ́ rédíétọ̀ kọjá láti fi de fáànù ń ba rédíétọ̀ jẹ́. Gbogbo ìgbọ̀n fáànù á máa fi okùn yẹn rẹ́ ọ̀pá omi títí tí yóò fi lu. Irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ mìlímítà 25, tó nípọn mìlímítà 3, ni kí wẹ́dà gé sí méjì, kó dábùú ilé fáànù lókè àti nísàlẹ̀, kó sì de ara irin tí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó lé. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lo nọ́ọ̀tì tí kì í tú. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó ohunkóhun lára ọkọ̀ tí bátìrì ṣì wà lórí, kí àlítánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, má bàa bá a lọ.

Swíìṣì ooru

Swíìṣì tí awakọ̀ á máa fọwọ́ tẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ̀dá a máa gbàgbé. Ẹ ra swíìṣì ooru tó ń so iná pọ̀ bó bá gbóná, irú ti Golf tàbí Passat, tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ tí a ń yí wọlé jẹ́ M22 x 1.5. Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, bíi 92-87: ó ń tan fáànù ní 92°C, ó ń pa á ní 87°C. Nọ́ńbà kejì gbọ́dọ̀ ju ti tẹmọ́sítáàtì lọ. Bí tẹmọ́sítáàtì bá ń ṣí ní 88, tí swíìṣì sì ń pa ní 84, fáànù kò ní í sinmi láéláé. Èyí tó ní ẹsẹ̀ 3 ń ṣiṣẹ́ ní ìpele méjì, ó sì dára fún fáànù méjì: ọ̀kan á kọ́kọ́ tàn, èkejì á tẹ̀ lé e bí ooru bá ṣì ń gòkè, wọn kò sì ní í jọ já iná gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ dán an wò nínú ìkòkò. Ẹ fi okùn gbé swíìṣì kọ́ sínú omi, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, kí ẹ so mítà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí ìwọ̀n ooru tó ti so iná pọ̀. Ìdánwò yìí ló máa ń tú àṣírí swíìṣì ara Toyota àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ sódì: iná wà nínú rẹ̀ bó bá tutù, ó ń já bó bá gbóná, kó lè jẹ́ pé bí wáyà bá já, fáànù á tàn. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sí ètò wáyà tí a ó ṣàlàyé yìí, fáànù á tàn ní òwúrọ̀, á sì kú ní ọ̀sán gangan.

Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ní ojú ihò fún un, ẹ wá ọ̀pá irin tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó wọ inú hóòsì òkè rédíétọ̀ dáadáa. Kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì M22 mọ́ ọn lára, kó sì lu ihò rẹ̀ já. Ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu kan, ẹ bu omi sí i, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ẹ gé hóòsì, ẹ ki ọ̀pá náà sí àárín, kí ẹ fi kílíìpù di ẹnu méjèèjì. Ọ̀pá yìí wà láàárín rọ́bà, kò kan ara ọkọ̀. Bí swíìṣì yín bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, tó ń gba ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì láti ara irin ọkọ̀) láti ara rẹ̀, ẹ fa wáyà láti ara ọ̀pá náà lọ sí irin ọkọ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò ní í ṣiṣẹ́ láéláé.

Wáyà

Iná ńlá kò gbọ́dọ̀ gba ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ gba swíìṣì ooru. Ríléè, swíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá, ni iṣẹ́ yẹn wà fún. Fáànù kọ̀ọ̀kan á ní ríléè tirẹ̀ (áḿpíà 40 tó fún kékeré) àti fíúsì tirẹ̀. Nọ́ńbà wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ríléè, bẹ́ẹ̀ sì la ṣe ń so wọ́n:

30: láti pọ́sítíìfù bátìrì, gba inú fíúsì. Fíúsì yìí kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, torí wáyà tó wà ṣáájú rẹ̀ kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

87: lọ sí pọ́sítíìfù fáànù. Nẹ́gétíìfù fáànù á lọ sí irin ọkọ̀ tí ẹ ti ha ọ̀dà ojú rẹ̀ kúrò, tàbí kó lọ tààrà sí bátìrì, èyí tó dára jù.

86: láti wáyà tó ń níná nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan, pẹ̀lú fíúsì áḿpíà 5.

85: lọ sí swíìṣì ooru, kí ìhà kejì swíìṣì lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Láti 85 yìí náà ni kí ẹ ti fa wáyà wọ inú ọkọ̀ lọ sí swíìṣì ọwọ́ kékeré kan tó ń lọ sí ẹ́ẹ̀tì, kí awakọ̀ lè tan fáànù bí swíìṣì ooru bá kú.

Bí ríléè bá ní 87a, ẹ fi í sílẹ̀ lófo. Kí ẹnu àwọn ẹsẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí omi òjò má dúró sínú rẹ̀.

Fíúsì gbọ́dọ̀ ju iye tí fáànù ń jẹ lọ díẹ̀, torí bó bá ń gbéra, ó lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáànù tó ń jẹ 12, ẹ fún un ní fíúsì 20. Èyí tó ń jẹ 25, ẹ fún un ní 40 àti ríléè tó ju 40 lọ.

Lórí wáyà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣahun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mítà 3 wáyà kọ́pà tó ń gbé áḿpíà 25 á jẹ nǹkan bí fóòtì 0.9 bó bá jẹ́ wáyà 1.5 (nọ́ńbà yìí ni iye mìlímítà onígun mẹ́rin tí kọ́pà inú rẹ̀ fẹ̀), á jẹ fóòtì 0.5 bó bá jẹ́ 2.5, á sì jẹ 0.3 bó bá jẹ́ 4. Gbogbo fóòtì tí wáyà jẹ, ooru ló ń sọ ọ́ dà, fáànù á sì máa ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ lo 2.5 fún áḿpíà 12, 4 fún 25. Wáyà ilé tó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo kò dára fún ọkọ̀, ìgbọ̀n á ṣẹ́ ẹ nínú láìjẹ́ pé ẹ rí i lóde. Èyí tó jẹ́ òwú púpọ̀, tó sì rọ̀, ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi bíléèdì ha ọ̀kan nínú òwú rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni.

Ṣé iná ọkọ̀ gbé e?

Ní alẹ́, tí òjò ń rọ̀: fáànù 2 jẹ áḿpíà 24, iná iwájú tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 55 lọ́nà méjì jẹ nǹkan bí 9, wáípà 5, iná ẹ̀yìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù 3, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ 8. Ó di 49. Àlítánétọ̀ tí wọ́n kọ 50 sí lára kì í mú 50 wá bí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ wẹ́rẹ́. Ìdajì rẹ̀ ló lè jẹ́. Bátìrì ni yóò máa san ìyókù. Ẹ tan ohun gbogbo pọ̀ kí ọkọ̀ wà lójú kan, kí ẹ fi mítà wo ẹnu bátìrì. Bó bá ju fóòtì 13.2 lọ, ó dára. Bó bá wà ní 12.6, tó sì ń rọlẹ̀, ẹ wá àlítánétọ̀ 70 tàbí 80, kí ẹ sì pààrọ̀ wáyà tó lọ láti ibẹ̀ sí bátìrì sí èyí tó nípọn.

Ìdánwò

Ẹ dá omi padà, kí ẹ tan ọkọ̀ pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí títí atẹ́gùn inú rẹ̀ á fi jáde, ẹ tún bu omi kún un, ẹ dé e. Ẹ jẹ́ kó wà lójú kan nínú òòrùn ọ̀sán. Fáànù gbọ́dọ̀ tàn ṣáájú kí abẹ́rẹ́ tó kọjá àárín dáadáa, kó sì pa láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ ki bébà pélébé sójú rédíétọ̀ láti iwájú: ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá fò kúrò, fáànù ń fẹ́ sódì. Nígbà tó ń yí, ẹ wọn fóòtì ní ẹnu bátìrì, lẹ́yìn náà ní ẹnu fáànù. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 0.5 lọ, wáyà tàbí orí wáyà kan kò dára. Ibi tó bá ń gbóná lọ́wọ́ ni.

Bí kò bá tàn rárá, ẹ yọ wáyà 85 lára swíìṣì ooru, kí ẹ fi kan irin ọkọ̀. Bó bá tàn, swíìṣì ló kú, tàbí atẹ́gùn ló kún ibi tó wà, torí swíìṣì tí omi kò bò kì í mọ ooru. Bí ríléè bá dún ká, tí fáànù kò yí, ẹ wá iná ní 30, lẹ́yìn náà ní 87. Bí kò bá dún, ẹ wò ó bóyá 86 níná.

Fáànù tó ń yí lọ lẹ́yìn tí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ríléè rẹ̀ ló ti lẹ̀ pọ̀ nínú. Ẹ lè fi nǹkan gbá a kó tú, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó máa tún lẹ̀. Bí ilé fíúsì bá yọ́ tí fíúsì fúnra rẹ̀ kò já, kì í ṣe pé fíúsì kéré: irin inú ilé náà kò di fíúsì mú ṣinṣin, ibẹ̀ ló ń gbóná. Ẹni tó bá fi fíúsì ńlá síbẹ̀ ń wá iná jíjó. Ilé fíúsì tó nípọn, tó sì di ẹsẹ̀ fíúsì mú pinpin, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó bá kán, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan, á máa mi mọ́tò títí búúṣì á fi jẹ, torí náà ẹ má rò pé ẹ lè lò ó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọyẹ́ lọ́dọọdún, eruku máa ń di bí amọ̀ sáàárín ìpẹ́ rédíétọ̀. Ẹ tú ilé fáànù, kí ẹ fi omi tí kò le fọ̀ ọ́ láti ìhà ẹ́ńjìnnì wá síwájú. Omi tó bá le jù á tẹ ìpẹ́ náà pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ mi ọ̀pá fáànù wò kí ẹ tó dá a padà.